Kí lẹ rà gan-an tẹ́ ẹ bá ra The Final Shape?

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, aago mọ́kànlá ti kọjá dáadáa, ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí WhatsApp mi. Àbúrò mi kan ni, ọmọ àbúrò màmá mi. "Àǹtí mi, wọ́n ti já owó The Final Shape wálẹ̀ o. Ṣé kí n rà á?" Kò kí mi, kò béèrè àlàáfíà ilé. Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá fẹ́ yá owó lọ́wọ́ ẹni gan-an, ó máa kọ́kọ́ béèrè ara gbogbo ilé, títí kan ti ajá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bi mí. Ní June 2024 tí ọjà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àgùnbánirọ̀ ni, 33,000 náírà sì ni ìjọba ń fún wọn lóṣù nígbà náà. 49.99 dọ́là ni wọ́n ń ta The Final Shape. Dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 1,500 náírà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ó ń lọ sí 75,000 náírà. Owó oṣù méjì tí ìjọba ń fún un, ká ní kò jẹun, ká ní kò wọkọ̀, kò tó o. Kódà owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ní July ọdún yẹn, 70,000 ni. Mo ní kó má rà á. Mo tiẹ̀ fi ohùn àgbà sọ ọ́: géèmù kì í sá lọ, tó o bá rí iṣẹ́, wàá bá a níbẹ̀.

Èmi tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó jáde gan-an ni mo rà á.

Ó ti rí iṣẹ́ báyìí, ó sì ti padà wá bi mí gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kó ṣe. Mo di fóònù mú, mo fẹ́ tẹ "rà á", ọwọ́ mi ò lọ. Torí mo ti wá mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí mo fún un lọ́jọ́ yẹn kò pé. Owó ẹ̀ ni mo gbà á nímọ̀ràn lé lórí, ìyẹn ò sì burú. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fi tù ú nínú, pé géèmù kì í sá lọ, irọ́ ni. Géèmù orí ayélujára máa ń sá lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti sá lọ pẹ̀lú owó tí àwọn èèyàn san lé e lórí, òfin ò sì dí wọn lọ́nà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n: Destiny 2 jẹ́ géèmù oníbọn tí ilé iṣẹ́ Bungie ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní September 2017. Àwọn ló ṣe Halo nígbà kan. Ojú ẹni tó mú ìbọn lọ́wọ́ lẹ ó fi máa wo gbogbo nǹkan, inú ayé kan náà lẹ̀yin àti àwọn ẹlòmíràn sì jọ máa wà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ ó jọ máa jagun, tẹ́ ẹ ó jọ máa kó ìbọn àti ẹ̀wù ogun jọ. Láti October 2019, ọ̀fẹ́ lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí owó ti ń wọlé fún wọn ni àwọn àfikún tí wọ́n ń tà lóòrèkóòrè: ìtàn tuntun, ibi tuntun, agbára tuntun. The Final Shape, tó jáde ní June 4, 2024, ló parí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ láti inú Destiny àkọ́kọ́ ní September 2014. Ìtàn ọdún mẹ́wàá, wọ́n wá ní ẹ wá wo ìparí ẹ̀. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí ò ní ná owó?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe dáa tó, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ó dáa. Ọkàn ọ̀pọ̀ wa ò balẹ̀ kó tó jáde, torí Lightfall tó ṣáájú ẹ̀ ní February 2023 bí àwọn èèyàn nínú, ìtàn ẹ̀ ò yé ẹnìkan. Ní October ọdún yẹn, Bungie dá àwọn òṣìṣẹ́ tó tó ọgọ́rùn-ún dúró, wọ́n sì sún The Final Shape láti February sí June. Mo ti ń sọ fún ara mi pé bí òkú ṣe máa rí nìyí. Àṣé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi kún un yẹn, wọ́n lò ó dáadáa.

Bọ́ọ̀lù funfun ńlá kan wà tó ti ń léfòó lókè ìlú látìgbà tí géèmù náà ti bẹ̀rẹ̀, Traveler ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́wàá la fi ń gbójú sókè wò ó. Nínú The Final Shape, ẹ wọ inú ẹ̀ lọ. Ìrántí ni wọ́n fi ṣe gbogbo ibẹ̀: ẹ ó rí ilé tẹ́ ẹ mọ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn nínú koríko, ẹ ó sì tún máa rìn lọ títí tí òkè àti àpáta á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọwọ́ èèyàn. Iṣẹ́ méje ló wà nínú ìtàn náà kó tó kan ìjà àṣekágbá. Agbára tuntun kan wà tí wọ́n ń pè ní Prismatic, tó jẹ́ kẹ́ ẹ lè po agbára ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn pọ̀ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Níbi tí mo ti ń jà pẹ̀lú ẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo gbàgbé pé mo gbé ìrẹsì ka iná. Ẹ má bi mí nípa ìrẹsì náà.

Èyí tó mú mi jù ni ti Cayde-6. Jagunjagun aláwàdà kan ni Cayde, ẹni tí gbogbo wa fẹ́ràn. Wọ́n pa á nínú àfikún kan tó ń jẹ́ Forsaken, ní September 2018. Uldren Sov ló yìnbọn náà. Àwa náà gbẹ̀san lára Uldren. Lẹ́yìn náà, wọ́n jí Uldren dìde, kò rántí ohunkóhun tó ṣe, ó wá di ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Crow, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú. Nínú The Final Shape, ẹ dédé bá Cayde nínú Traveler, ó jókòó, ó ń dáwàdà ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Àkúdàáyà gidi. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nílẹ̀ yìí mọ irú ìtàn yẹn: ẹni tó ti kú, tó lọ ń gbé ní ìlú mìíràn, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ pàdé rẹ̀ lọ́jà. A sì mọ̀ pé irú wọn kì í dúró pẹ́ tí àṣírí bá ti tú. Tí Crow, ẹni tó pa á, bá wá jókòó tì í, tí àwọn méjèèjì ń wá ọ̀rọ̀ sọ, ẹ ò ní yìnbọn kankan fún ìṣẹ́jú yẹn, àyà yín á sì máa lù.

Zavala, olórí ogun wa, náà wà níbẹ̀. Lance Reddick tó ń sọ̀rọ̀ fún un láti 2014 kú ní March 2023, Keith David ló gba ipò náà. Ẹ máa gbọ́ ohùn tuntun lẹ́nu ọkùnrin tẹ́ ẹ ti mọ̀ tipẹ́, tí òun fúnra ẹ̀ ń bá ìbànújẹ́ àti iyèméjì jà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku ọjọ́ Sátidé, June 8. Àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ kọ́kọ́ parí ìjà ẹlẹ́ni mẹ́fà tó le jù, Salvation's Edge, ti bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹgbẹ́ tó ṣẹ́gun kọ́kọ́ lo bíi wákàtí mọ́kàndínlógún. Bí wọ́n ṣe parí ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ìjà àṣekágbá ṣí fún gbogbo ayé, Excision ni wọ́n ń pè é, èèyàn méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ẹ̀ ò sí rí nínú Destiny. Mo wà ní Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Manchester, èkejì wà ní Houston, àwa mẹ́ta la jọ ń bá ara wa sọ̀rọ̀, mẹ́sàn-án tó kù, a ò mọ wọ́n rí. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kejì, ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ilé wa ti sùn, mo sáré jáde pẹ̀lú ìró lára láti lọ jí i. Nígbà tí a parí ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́ta fún ìgbà díẹ̀. Ti Manchester ló kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ gbọ́, ọmọ mi ò tíì wáyé nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ nǹkan yìí."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan, ó tó owó tí mo san. Àmọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn kò sí lára ohun tí àbúrò mi fẹ́ rà báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ra àfikún géèmù orí ayélujára, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣe é wà níbẹ̀, ìyẹn ìtàn, àwòrán, ìbọn. Èèyàn tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ wà pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ tó jẹ́ kẹ́ ẹ lè wọlé. Ẹ̀dínwó máa ń já owó wálẹ̀ lẹ́yìn tí èkejì bá ti ń dín kù. Lọ́jọ́ tí The Final Shape jáde, àwọn tó wà nínú Destiny 2 lẹ́ẹ̀kan náà lórí Steam nìkan lé ní 300,000. Nígbà tí àfikún tó tẹ̀ lé e, The Edge of Fate, jáde ní July 15, 2025, iye tó ga jù ò tó 100,000. Wọ́n tún gbé ọ̀nà tuntun kan wọlé nígbà yẹn, Portal, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èrè tó ṣe pàtàkì síbẹ̀, débi pé ẹni tó bá ń lọ sí àwọn ibi àtijọ́, ìfẹ́ ibẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ẹni tó bá ń wá ẹni mẹ́fà fún Salvation's Edge lónìí, yóò rí, àmọ́ yóò dúró díẹ̀. Bí ìgbà téèyàn dé òde àríyá lọ́jọ́ kejì ni: ìrẹsì ṣì wà nínú kúlà, ó tiẹ̀ lè dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ká kánópì.

Ẹ̀kẹta, àṣẹ yẹn, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì. Òfin ni mo kà ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun báyìí, mi ò sì lè rí ọ̀rọ̀ "rà" kí n má béèrè ohun tí wọ́n gbé fún ẹni tó rà.

Ní June 2020, Bungie kéde pé géèmù náà ti wúwo jù, ó sì ti ń nira láti tún ṣe, nítorí náà àwọn máa kó apá kan kúrò. Ní November 10, 2020, wọ́n kó o kúrò lóòótọ́: Red War, tí í ṣe odindi ìtàn tí wọ́n fi ta Destiny 2 ní 60 dọ́là ní 2017, pẹ̀lú àfikún méjì tí àwọn èèyàn fi owó lọ́tọ̀ rà, Curse of Osiris àti Warmind. Mars, Mercury, Io, Titan, gbogbo ẹ̀ bá a lọ. Ẹni tó bá ṣì ní àwo 2017 nílé, kó fi sínú PS4, á rí i pé kò sí Red War níbẹ̀. Ní February 2022, ó kan Forsaken.

Ẹ rántí Forsaken? Inú ẹ̀ ni wọ́n ti pa Cayde.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó dùn jù nínú The Final Shape, orí ìtàn kan tí wọn ò tà mọ́ ni wọ́n kọ́ ọ lé. Wọ́n ti ṣe ọ̀nà ìrántí kékeré kan fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àmọ́ odindi Forsaken ò sí mọ́. Àbúrò mi á dé inú Traveler, á bá Cayde níbẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín sí àwàdà ẹ̀, kò sì ní mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n òun fi sunkún. Bí ẹni tí wọ́n mú lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ẹni tí kò mọ̀ rí. Á jẹ mọ́ín-mọ́ín, á kí àwọn ẹbí, á padà sílé.

Tẹ́ ẹ bá rò pé àwa oníbàárà nìkan ni àìsí àwọn nǹkan yẹn ń bá jà, ẹ gbọ́ èyí. Ní October 2024, òǹkọ̀wé kan pe Bungie lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Louisiana, ó ní ìtàn òun ni wọ́n jí láti fi kọ Red War. Bungie ní kí adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, kí wọ́n fi ìtàn méjèèjì wéra, wọ́n á rí i pé kò jọra. Adájọ́ wá nílò Red War láti wò. Kò sí Red War. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tó tà á, tó gbowó lé e lórí káàkiri ayé, kò lè tan géèmù ara ẹ̀ fún ilé ẹjọ́. Fídíò tí àwọn ẹlòmíràn gbé sórí YouTube ni wọ́n kó wá, pẹ̀lú ohun tí àwọn olólùfẹ́ géèmù kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní May 2025, adájọ́ ní òun ò lè fi irú ìyẹn dá ẹjọ́ náà nù. Mi ò sọ pé olùpẹ̀jọ́ jàre o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìdájọ́ yẹn, ńṣe ni mo gbé fóònù sílẹ̀ tí mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rí tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹgbàágbèje èèyàn tó sanwó, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ló fàyè gbà wọ́n? Àdéhùn tí gbogbo wa ń tẹ "mo gbà" sí láì kà. Nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, wọn ò ta géèmù fún yín, àṣẹ láti lò ó ni wọ́n fún yín, wọ́n sì lè gbà á padà tàbí kí wọ́n yí i. Ẹ fi wé ilé tẹ́ ẹ háyà. Ní Èkó, òfin ilé gbígbé ti 2011 ní kí onílé fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní ìwé oṣù mẹ́fà kó tó lé e, àfi tí àwọn méjèèjì bá ti fi ẹnu kò sí nǹkan mìíràn. Lánlọ́ọ̀dù ò lè wọlé ní ọ̀sán gangan kó ní ilé ti wúwo jù, òun fẹ́ gé yàrá kan kúrò. Ká sòótọ́, Bungie fún àwọn èèyàn ní bí oṣù márùn-ún láti múra. Àmọ́ kò sí òfin tó ní kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ kan. Ayálégbé yàrá kan ní Mushin ní ààbò ju ẹni tó ra àfikún géèmù lọ.

Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́ nìyí. Ubisoft pa The Crew, géèmù eré mọ́tò tó jáde ní 2014, ní March 31, 2024, gbogbo ẹ̀ pátá, kódà fún ẹni tó ń dá wakọ̀. Ìyẹn ló bí ìpolongo Stop Killing Games, tí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ní Yúróòpù kọjá mílíọ̀nù kan ìbuwọ́lù ní July 2025. Ní California, òfin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2025, tó ní tí ẹ bá fẹ́ kọ "rà" sára ọjà orí ayélujára tó jẹ́ àṣẹ lásán, ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà gbangba. Steam ti kọ ọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti ń sanwó kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wò ó, ó wà níbẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ ò tóbi.

Nílẹ̀ wa, a ní òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti 2018, ó sì ní ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn tó ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Ẹ má sọ pé kò lè mú ilé iṣẹ́ òkèèrè. Òfin yẹn ni àjọ FCCPC fi bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ní July 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ sì fọwọ́ sí i ní April 2025. Èmi ò retí pé wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ géèmù sáré. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní kí ẹni tó bá ń ta ọjà orí ayélujára fún wa sọ iye ọjọ́ tó kéré jù tí ọjà náà máa fi wà, ìyẹn ò le. Àní lára ike wàrà, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà níbẹ̀. Wàhálà kan tún wà tí a fọwọ́ ara wa fà, ìyẹn àwa tí a ń lo PlayStation: orílẹ̀-èdè wa ò sí lára àwọn tí PlayStation ń ṣí ìkànnì fún, nítorí náà Amẹ́ríkà tàbí Gẹ̀ẹ́sì la kọ síbẹ̀ pé a ti wá, gift card la fi ń sanwó. Tí ìjà bá dé, inú òfin ta lẹ fẹ́ dúró sí?

Bungie sọ ní August 2022 pé àwọn ò ní kó àfikún ńlá kúrò mọ́. Mo gbọ́, inú mi sì dùn. Èmi ìbá fẹ́ kó wà nínú àdéhùn.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ àbúrò mi, torí ọmọ náà ṣì ń dúró. Mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bi í bóyá ó fẹ́ rà á kó fi pamọ́ de ọjọ́ tí àyè bá yọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀dínwó máa tán. Mo ní kó má rà á torí ìyẹn. Ẹ̀dínwó á tún padà wá, wọn kì í jìnnà síra wọn. Ohun téèyàn ń fi pamọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó wà ní ìkáwọ́ ẹni, èyí ò sí ní ìkáwọ́ ẹ̀. Kó kà á sí tíkẹ́ẹ̀tì: kò sẹ́ni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sinimá ọdún tó ń bọ̀ nítorí pé ó pọ́ọ̀kú lónìí.

Mo bi í pé ta ló máa bá a gbá a. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan níbi iṣẹ́. Mo bi í pé báwo ni íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀, torí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní àyè 105GB, àwọn tó ń fi dátà fóònù ṣe nǹkan mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní ibi iṣẹ́ lòun ti máa dáńlóòdù ẹ̀ lóru. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mo ní tó bá rà á lórí Steam, kó rántí pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ní láti gba owó ẹ̀ padà, tí kò bá tíì lo ju wákàtí méjì nínú Destiny 2 látìgbà tó ra àfikún náà, nítorí náà kó gbìyànjú ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó rà á gan-an, kó má jókòó lé e.

Mo tún ní kó kọ́kọ́ wá fídíò Forsaken lórí YouTube, kó wò ó tán, ó kéré tán apá tí wọ́n ti pa Cayde. Ohun tí ilé ẹjọ́ ò gbà lẹ́rìí, á wúlò fún un.

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, mo sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ ní June 2024: pé òun ò jẹ̀bi bó ṣe fẹ́ ẹ nígbà yẹn, pé ó dáa gan-an, pé mo rà á láì sọ fún un, pé owó ẹ̀ nìkan ló jẹ́ kí n dá a dúró. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ẹ rà á, Àǹtí. Mo máa ń rí orúkọ yín lórí Steam. Ẹ wà níbẹ̀ di aago mẹ́rin ìdájí."

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ó ní ó kù ẹnìkan, torí ẹni mẹ́ta ló máa ń wọ inú ìtàn náà pọ̀, àwọn sì jẹ́ méjì. Mo ti yọ géèmù náà kúrò lórí kọ̀ǹpútà mi láti ọdún tó kọjá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ti dáńlóòdù dé ìdá mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́, la fi àdéhùn sí. Mo ti bá ọ̀gbẹ́ni jẹnẹrétọ̀ sọ̀rọ̀.